Ejò Tí Ń Lé Ìyàwó Gírísì

Ìyàwó Gírísì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ki àkísà bọ imú bàtà ọkọ rẹ̀. Bàtà kánfáàsì ni, ó sì fi ìka méjì gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, imú bàtà nìkan ló ń dí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ síwájú yọ̀ sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ìgbà tó yá ló mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Ó gé fóòmù lára ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbó, ó tẹ́ ẹ sí gìgísẹ̀, ó sì fa okùn bàtà dé ihò tó ga jù kó tó so ó ní ìdè méjì. Láti ọjọ́ náà, bàtà kò yọ̀ mọ́.

Káàdì tí nọ́ọ̀sì fún un wà lára ògiri, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fi rúlà pín in sí ojú kéékèèké, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sókè pé: “Ìrìn kíákíá tàbí eré sísá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ara gbóná dáadáa. Oògùn alẹ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀.” Ọ̀rọ̀ tó sì tẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà kò gùn. “Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni àìsàn yìí. Oògùn á ṣe tiẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á ṣe tiẹ̀. Má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì o.”

Ojú mẹ́tàlélógún ló ti ní àmì lórí káàdì náà. Gbogbo ọjọ́ mẹ́tàlélógún yẹn, kí àdúgbò tó lajú ló ti ń jáde, nítorí ó mọ ẹnu àdúgbò. Ṣùgbọ́n lánàá, oorun tó ti kọ̀ ọ́ láti oṣù mẹ́jọ padà wá gbé e lọ, kò sì já a sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ara tó ń yá ni kò jẹ́ kó tètè jí. Ó gbọ́ ariwo ìgboro níta, ó wo ojú kẹrìnlélógún lórí káàdì, ó rí i pé ó ṣófo. Ó dìde, ó jáde.

Kò tíì sáré tó ìṣẹ́jú méje nígbà tó dé iwájú ìsọ̀ alápatà. Ọkùnrin náà ń gbé ẹran kọ́. Lódìkejì, alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sórí okùn.

“Ìyàwó Gírísì!” alápatà ké sí i. “Kí ló ń lé ọ?”

“Kò sí nǹkan kan, sà. Ẹ káàárọ̀.”

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ká ní ó sọ pé ajá ni, wọn ì bá bá a lé ajá náà. Ká ní ó sọ pé olè ni, wọn ì bá yọ igi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sáré tí kò sì sí ohun tó ń lé e, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

“Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán!” Alápatà fo kòtò kọjá, ó fi ọwọ́ tó fi ń di itan màlúù mú gbá a mú ní apá. “Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹ bá mi dì í mú o!”

“Ó ti dé o!” Alágbàfọ̀ ju aṣọ sílẹ̀. “Ṣebí mo wí? Mo ní ìdákẹ́jẹ́ tó ń dákẹ́ yẹn kò ṣojú lásán!”

“Eré ìdárayá ni mò ń ṣe, mà. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa ṣe é.”

“Eré ìdárayá? Ìwọ abilékọ? Ife ẹ̀yẹ wo lo fẹ́ gbà?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti di mẹ́sàn-án, mẹ́wàá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún.”

“Ẹ gbọ́ o!” Alágbàfọ̀ káwọ́ lérí. “Ó ti ń ka ìṣẹ́jú! Wèrè dùn ún wò o, kò ṣeé bí lọ́mọ.”

Bí wọ́n ṣe mú un padà sílé nìyẹn, alápatà níwájú, apá rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà bí ohun tí wọ́n rà.

Ẹ̀gbọ́n Gírísì obìnrin ló ṣílẹ̀kùn géètì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ìdì kọ́kọ́rọ́ kò sì kúrò ní ìdí rẹ̀ bó bá délé, nítorí náà ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Àǹtí Kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tó ti wá ń gbé pẹ̀lú wọn “láti bá wọn mójú tó ìyàwó,” ó ti kó gbogbo ọ̀bẹ ilé sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó tì í pa. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti ń fi òkúta fọ́ àlùbọ́sà nílé náà. Bí wọ́n bá se ẹran, odidi ni wọ́n ń sè é, wọ́n á wá fi eyín fà á ya lórí tábìlì, ojú oníkálùkù á sì máa wo ibòmíràn.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alápatà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó ti géètì. Lẹ́yìn náà ó nawọ́.

“Bọ́ bàtà yẹn.”

“Àǹtí, ẹ wo káàdì yẹn.”

“Mo ti wò ó. Nọ́ọ̀sì tí oògùn tán lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń kọ eré sísá fún èèyàn. Nígbà tí ara ẹni ò bá yá, a máa ń sinmi ni! Bí ibà bá ń ṣe ọ́, ṣé wàá máa fò?”

“Mo ti sinmi, Àǹtí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sinmi létí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo mú bàtà kan lọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ sí. Kò sẹ́ni tó tijú mi nígbà yẹn.”

“O ò jáde sí títì nígbà yẹn!”

Ọ̀rọ̀ náà jábọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì dúró síbẹ̀. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ alára gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde. Ó gba bàtà náà, ó lọ kó o mọ́ àwọn ọ̀bẹ nínú àpótí, ó sì pe fóònù níbi tí gbogbo ilé ti lè gbọ́. Mọ́tò ni ó ń pè. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìfarabalẹ̀. Wọ́n máa ń de ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ ìtì igi níbẹ̀ títí ohun tó ń ṣe é yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ní kó máa lò, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ dè.

“Aago mẹ́rin,” ó wí, ó sì pa fóònù. “Wọ́n á dé ní aago mẹ́rin.”

Gírísì wà nídìí tábìlì ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe; kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè ṣẹ́ kọ́ọ̀nà lójú rẹ̀ kó máà mọ ibi tó ń dùn ún. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó.

“Ọkọ mi,” ìyàwó rẹ̀ wí, “ṣé o gbọ́ aago mẹ́rin?”

Búrẹ́dì já sínú ife. Ó fi síbí wá a títí, kò rí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí nígbẹ̀yìn, “ẹ jẹ́ ká ṣe é ní sùúrù ná.” Ó gbé àpò sípánà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Sùúrù tí ọkùnrin náà ní, ìyàwó rẹ̀ ni yóò lò ó.

Géètì wà ní títì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé kò ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n lè tì. Ibẹ̀ ni Gírísì ń kó òkú kẹ̀kẹ́ sí. Ìyàwó rẹ̀ dúró láàárín wọn fún ìgbà díẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ bó bá jókòó. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, ohun tútù tó máa ń ti àyà wọlé, táá ní kó sùn sílẹ̀, kò sí ìwúlò.

Kò jókòó. Ó fa kẹ̀kẹ́ kan yọ tí kò ní táyà iwájú, ó ki irin iwájú rẹ̀ sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì, ó sì gbé ìdí rẹ̀ lé méjì mìíràn, tó fi jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn kò kan ilẹ̀. Ó gun un. Ó wa pẹ́dà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń yí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bíi ti ọmọ tó ń ta omi. Kẹ̀kẹ́ tí kò gbé nǹkan kò ṣòro láti wà, ara kò sì ní gbóná. Ó sọ̀kalẹ̀. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ fa táyà náà sẹ́yìn kí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí Gírísì fi ń pọ́n irin wà lábẹ́ tábìlì ìta, iná ti jó mọ́tò inú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mọ́tò ló kú. Ọ̀pá àárín rẹ̀ ṣì ń yí wọ̀ọ̀wọ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ ti í, òkúta ìpọ́n sì wà lápá méjèèjì: ọ̀kan ṣì tóbi, èkejì ti jẹ títí kò fi ju ìdí ife lọ. Ìyàwó Gírísì yí i wò. Bí táyà bá fẹnu kan òkúta kékeré yìí, yóò yí i, èyí ńlá yóò sì bá a yí. Ṣùgbọ́n òkúta yóò jẹ táyà. Nítorí náà ó ya tíúbù kan, ó fi rọ́bà rẹ̀ wé òkúta kékeré náà ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fi wáyà dè é ní ẹ̀gbẹ́, ó wá ti ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀yìn táyà títí rọ́bà fi kan rọ́bà.

“Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ o!” Alágbàfọ̀ ti gun búlọ́ọ̀kù, orí rẹ̀ yọ lókè ògiri. “Ìyàwó yín ń kó irin jọ o!”

“Jẹ́ kó kó o,” Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ dáhùn láti ilé ìdáná, níbi tó ti ń fi òkúta fọ́ àlùbọ́sà. “Aago mẹ́rin ò jìnnà.”

Ó tún gun kẹ̀kẹ́ náà. Òkúta yí díẹ̀, ó dúró. Táyà ń yọ̀ lórí rọ́bà. Ó ti ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọn sí i, ó tún gun un, ó tún yọ̀. Ọgbọ́n tó mọ̀ tán síbẹ̀, oòrùn sì ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Ó gbé orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì sọkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹkún ìbínú ni.

Ibẹ̀ ni Gírísì bá a. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni. Ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa láti wá dúró de mọ́tò, bí ẹni tó wá dúró de òkú. Ó wo búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ó wo rọ́bà tí ìyàwó rẹ̀ wé, ó fi ìka tẹ wáyà tó fi dè é, kò rí ibi tí yóò tún un ṣe. Ó tẹ táyà.

“Táyà ló rọ̀,” ó wí.

“Ṣé ọ̀rọ̀ tó o ní láti àárọ̀ nìyẹn?”

Ó mú pọ́ǹpù, ó fẹ́ táyà náà títí ó fi le bí igi. Ó fi bóòtù méjì de ẹ̀rọ mọ́ pákó, ó gbé búlọ́ọ̀kù karùn-ún lé pákó náà kó má baà sún sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe tán, kò gbójú sókè.

“Ẹ̀rù ló bà mí,” ó wí fún bóòtù náà. “Kí n tó rí i pé o ń kú lọ létí bẹ́ẹ̀dì, mi ò rò pé nǹkan wà tí ọwọ́ mi ò lè tún ṣe.”

“Mi ò ní kí o tún mi ṣe. Mo ní kí o sọ̀rọ̀.”

Ó gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó wà á. Òkúta ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó kùn títí ó fi ń ké. Gírísì fi irin kan kàn án, iná sì tú sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kò fò sókè sójú ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kí òkúta máa yí sí gan-an ló ń yí sí. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wúwo báyìí. Iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú.

Ìró òkúta ìpọ́n kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó ń fi ọ̀bẹ jẹun. Iná mànàmáná ti lọ ládùúgbò láti ìjẹta, ẹ̀rọ ìpọ́n-ọ̀bẹ alápatà sì ti di ère. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ń gbá géètì.

“Gírísì! Ṣé òkúta ni mò ń gbọ́ yẹn? Ọ̀bẹ mi márààrún ti kú! Láti àárọ̀ ni mo ti ń fa ẹran ya bí ajá!”

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀bẹ márùn-ún, éépírọ́ọ̀nù rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó rí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró.

“Ṣé… ṣé kò léwu báyìí?”

“Ẹ jókòó, sà,” ìyàwó Gírísì wí láìdáwọ́ dúró. “Ẹ̀yin lẹ mú ọ̀bẹ márùn-ún dání. Ta ló yẹ kó bẹ̀rù ẹnìkejì rẹ̀?”

Gírísì rẹ́rìn-ín, ó yára gbé e mì. Alápatà fi ìdí kan jókòó. Ó bu omi sínú agolo, nítorí ọ̀bẹ tó bá gbóná jù lórí òkúta kì í mú mọ́, ó sì fi ọ̀bẹ kìíní kàn án.

“Rọra díẹ̀,” alápatà sọ fún un. Ó rọra. “Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó yá, tẹ̀ ẹ́.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ kejì, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́; bó bá ti tẹ irin mọ́ òkúta, obìnrin náà ti mọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á sì wà á le sí i.

Alápatà wà nídìí ọ̀bẹ kẹta nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí apá ìyàwó Gírísì. Ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò ti wú síbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn,” ó wí. “Ohun tí àwọn àgbà sọ ni mo rò. Ẹni tó ń sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò…”

“Ejò ń lé mi, sà. Ó ti ń lé mi láti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo jókòó tó ń bù mí jẹ, ẹ ní mo jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Mo wá dìde, mo sá fún un. Ẹ sì dì mí mú fún un.”

Alápatà ti ọ̀bẹ bọ omi. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

Mọ́tò dé ní aago mẹ́rin géérégé. Ọkùnrin méjì ló sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan ká okùn sọ́wọ́ bí ẹni tó wá fa ewúrẹ́. Wọ́n bá Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé. Dírẹ́bà wò wọ́n yí ká: obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, ọkùnrin kan ń bu omi, ọkùnrin kejì sì tóbi, ẹ̀jẹ̀ kún ara rẹ̀, ó di ọ̀bẹ mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Sà,” dírẹ́bà wí jẹ́jẹ́, “ẹ rọra gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Ilé tó dáa la fẹ́ mú yín lọ.”

“Èmi kẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó máa na yín.” Olókùn ti gbá a mú ní apá.

“Fi mí sílẹ̀! Orí mi pé! Ẹ ò rí i pé orí mi pé ni?”

“Bí gbogbo wọn ti ń wí nìyẹn,” dírẹ́bà sọ fún Gírísì.

“Mò ń pọ́n ọ̀bẹ ni! Ó ku méjì!”

“Ó ti ń kà á,” ìyàwó Gírísì wí láti orí kẹ̀kẹ́.

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín lókè ògiri títí ó fi já bọ́ lórí búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ń wo okùn náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Lórí fóònù, kò rí okùn.

“Òun kọ́,” dírẹ́bà wí nígbẹ̀yìn, nígbà tó rí i tí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ń mi orí. “Ó dáa. Èwo wá ni aláìsàn?”

Gírísì dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, apá kan lẹ́yìn apá kejì.

“Ìyàwó mi ni ara rẹ̀ kò yá. Ó sì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, ẹ̀ ń wò ó yẹn. Kò ní bá yín lọ síbì kankan.”

“Àwa jó epo wá síbí o!”

“Ẹ bi ẹni tó pè yín.”

Gbogbo wọn yíjú sí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó fún dírẹ́bà lówó, kò bá a yọwó. Alápatà jókòó padà, ó ń fọwọ́ pa apá ara rẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ kẹrin.

Nígbà tí ìkarùn-ún fi mú, ìyàwó Gírísì ti fi ìṣẹ́jú méjìlá ju ọgbọ̀n lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tútù àárọ̀ yẹn kò tíì lọ. Ó ti sún sẹ́yìn díẹ̀ ni, bí ajá tí wọ́n sọ lókò. Ó wọlé lọ fa àmì sójú kẹrìnlélógún. Alápatà gbé owó ọ̀bẹ márùn-ún lé orí búlọ́ọ̀kù, ó sì fi ẹran tí wọ́n fi bébà wé lé e lórí. Ó yanu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ohun tó sọ ni pé, “Ọ̀la ńkọ́?”

“Lọ́la, títì ni mo ti máa sáré. Ní ojúmọmọ. Bí ẹ bá rí mi, ẹ yà.”

Alápatà lọ. Kò tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀ ládùúgbò náà, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wọ yàrá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Ó jáde pẹ̀lú bàtà kánfáàsì náà àti ọ̀bẹ ilé ìdáná, ọ̀bẹ tó ti dípẹtà. Ó na èèkù rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀.

“Kì í ṣe èmi,” Gírísì wí, ó sì gun orí kẹ̀kẹ́.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ tó yí sí ìyàwó. Ìyàwó gba ọ̀bẹ, ó jókòó sídìí òkúta, ọkọ rẹ̀ sì ń wa pẹ́dà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Obìnrin náà pọ́n ojú kan, ó yí i, ó pọ́n èkejì, ó ti í bọ omi. Lẹ́yìn náà ó mú àlùbọ́sà kan lórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì gé e lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, débi tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á kọjá.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wo àlùbọ́sà náà títí. Ó tú kọ́kọ́rọ́ géètì kúrò nínú ìdì ìdí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ. Ìyàwó Gírísì mú un, ó so ó mọ́ okùn bàtà rẹ̀ ní ìdè méjì.

Kò dúpẹ́.